Ojú irin mẹ́ta tó yí ilẹ̀ Ọ̀kun ká, àti ìdí tí ọkọ̀ Ìtakpè kò fi lè dé Ọ̀ffà

Ọkọ̀ ojú irin tó ń gbéra ní Ìtakpè, ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò lọ sí Èkó. Kò lọ sí Àbújá. Kò sì lè dé Ọ̀ffà tàbí Ìlọrin, bó ti wù kí wọ́n rọ epo sí i tó. Wárrì ló ń lọ, Wárrì náà ló ti ń bọ̀. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti ń kó èrò, ìbéèrè kan náà ni mò ń gbọ́ ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà àti ní Ìsánlú: "Ṣé a ò lè wọ̀ ọ́ dé Èkó ni?" Àwọn kan gbà pé ọkọ̀ tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ sí Kánò láyé òyìnbó ni wọ́n tún ṣe. Àwọn mìíràn ní ojú irin Bárò ni wọ́n fà wá sí ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà rújú lóòótọ́, kò sì yẹ ká bá ẹnikẹ́ni wí. Ojú irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yí ilẹ̀ Ọ̀kun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ká: ọ̀kan ní ìwọ̀ oòrùn wa, ọ̀kan ní àríwá lódìkejì odò Ọya, ọ̀kan ní ìlà oòrùn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba àárín ilẹ̀ wa kọjá. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ọdún tí wọ́n ṣe wọ́n yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ohun tó rú wa lójú ti wá.

Ojú irin tó ti Èkó wá

Èyí ló dàgbà jù. Ọdún 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní Èkó. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹta ọdún 1901, wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Láti ibẹ̀ ó gba Òṣogbo, ó gba Ọ̀ffà, ó gba Ìlọrin, ó sì dé etí odò Ọya ní Jẹ́bà ní 1909. Odò dá a dúró níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú irin sọdá fún bí ọdún mélòó kan, títí afárá Jẹ́bà fi parí ní 1916.

Kí ló dé tí kò fi gba ọ̀dọ̀ wa? Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ìjọba tó ń fa ojú irin yìí bọ̀ láti Èkó ń wá ìlú ńláńlá tí ọjà wọn kún: Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìlọrin. Òwú, èkùrọ́ àti epo pupa ni wọ́n fẹ́ kó dé etí òkun, Kánò sì ni wọ́n ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ilẹ̀ tiwa wà lábẹ́ ìjọba Àríwá, nínú ìgbèríko Kàbà tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Lọ́kọ́ja. Lọ́kọ́ja ní tirẹ̀ ti ní odò. Ọkọ̀ ojú omi ti ń gòkè láti etí òkun wá síbẹ̀ tipẹ́, ibẹ̀ náà sì ni Lugard ti ta àsíá ìjọba òyìnbó sókè ní ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 1900. Lérò tèmi, lójú àwọn tó ń pín owó, ẹni tó ti ní odò kò tún ń bèèrè ojú irin. Wọn kò ro ti àgbẹ̀ Yàgbà tó máa ru ẹrù rẹ̀ kọjá òkè mélòó kan kó tó rí odò náà.

Òkè yẹn gan-an tún jẹ́ ìdí kan. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin jẹ́ irin, irin náà ló sì ń yí lé lórí. Irin lórí irin kì í di ara wọn mú púpọ̀, èyí ló jẹ́ kí ẹ̀ńjìnnì kan lè fa ẹrù tí ogún tírélà kò lè kó láìjẹ epo púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un rọrùn lórí ilẹ̀ títẹ́jú ló ń mú un nira níbi òkè: ẹsẹ̀ á máa yọ̀. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mọ́tò máa gùn láìyí jíà, ọkọ̀ ojú irin tó ru ẹrù lè máà lè gùn ún rárá. Nítorí náà, níbi tí ilẹ̀ bá ti ń ga tó tún ń lọ sílẹ̀, àwọn tó ń ṣe ojú irin gbọ́dọ̀ gé òkè, wọ́n gbọ́dọ̀ kún àfonífojì, tàbí kí wọ́n yí po lọ jìnnà. Owó ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ti rin ìrìn àjò láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀ mọ irú àpáta tó tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ffà àti Ìlọrin ṣe di ibùdókọ̀ ojú irin tó sún mọ́ àwọn ará Yàgbà jù. Títì tó gba Kàbà, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ló kọjá lọ sí Ẹ̀rùkù, Ọmù-Àrán, títí dé Àjàṣẹ́-Ìpo. Ní Àjàṣẹ́ ni ọ̀nà ti pín: ẹni tó ń lọ sí Ọ̀ffà yà, ẹni tó ń lọ sí Ìlọrin tẹ̀ síwájú. Bí ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ bá bi bàbá àgbà rẹ̀ nípa rélùwéè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ orúkọ Ọ̀ffà ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Bí ọmọ Kàbà bá béèrè lónìí, Ìtakpè ni wọ́n máa dárúkọ fún un. Àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ojú irin tí wọ́n ń sọ kò pa pọ̀.

Ti Bárò kò pẹ́ lẹ́nu. Ní 1907, gómìnà Àríwá, Percy Girouard, ẹnjiníà tó ti ṣe ojú irin ní Sudan, bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Bárò lọ sí Kánò. Bárò wà lókè Lọ́kọ́ja, létí odò Ọya, ní apá ibi tó jẹ́ ìpínlẹ̀ Niger báyìí. Èrò rẹ̀ ni pé kí ọkọ̀ ojú omi máa gbé ẹrù láti etí òkun, kó kọjá Lọ́kọ́ja, kó já a sí Bárò, kí ojú irin sì gbà á níbẹ̀ lọ sí Kánò. Ó dé Kánò ní 1911. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ojú irin Èkó náà ti sọdá Jẹ́bà, àwọn méjèèjì sì pàdé ní Mínnà. Ní 1912 wọ́n pa wọ́n pọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà ni agbára Bárò ti ń dínkù, nítorí odò Ọya máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ ojú omi á sì há mọ́ iyanrìn, nígbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ń lọ ní gbogbo oṣù. Ìjọba ṣí èbúté tuntun ní Bárò ní 2019. Ojú irin àtijọ́ tó já síbẹ̀ kò bá tiwa ní Ìtakpè tan rárá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ Mínnà yẹn sọ́kàn. Àwọn ìjọba méjì tó ń bá ara wọn díje ṣe ojú irin méjì, síbẹ̀ nígbà tí wọ́n pàdé, ọkọ̀ ọ̀kan gun orí èkejì láìdúró. Ó rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé ìwọ̀n kan náà ni àwọn méjèèjì lò fún àlàfo tó wà láàárín irin ọ̀tún àti ti òsì.

Ojú irin tí wọ́n ṣe fún òkúta

Ti Ìtakpè wá yàtọ̀ láti ìpìlẹ̀. Òkè Ìtakpè, tó wà lójú títì Òkéné sí Lọ́kọ́ja, ni òkúta irin wà nínú rẹ̀. Ní 1979, ìjọba àpapọ̀ dá ilé-iṣẹ́ irin Àjàòkúta sílẹ̀ létí odò Ọya, wọ́n sì tún kọ́ òmíràn sí Aladja lẹ́bàá Wárrì, tí wọ́n ṣí ní 1982. Ohun tí wọ́n gbèrò ni pé kí wọ́n máa wa òkúta ní Ìtakpè, kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àjàòkúta, kí ìyókù sì máa lọ sí Aladja. Òkúta irin wúwo gan-an. Bọ́gì ẹrù kan lè gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60, ìyẹn bí ìlọ́po méjì ohun tí tírélà ńlá kan ń gbé, wọ́n sì lè so irú bọ́gì bẹ́ẹ̀ ogójì tẹ̀lé ara wọn. Kò sí títì tó máa gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò ní bàjẹ́.

Ìdí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ojú irin yìí ní 1987 nìyẹn. Òkúta ni wọ́n rò kí wọ́n tó ro èèyàn. Lójú mi, èyí ni kókó tí kò yé ọ̀pọ̀ nínú wa. A máa ń wo ibùdókọ̀ Ìtakpè, a ó sì máa bínú pé kí ló dé tí kò sí láàárín Òkéné, tàbí ní Kàbà, tàbí ní Lọ́kọ́ja tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ibi tí òkúta wà ni ojú irin ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí iná tó máa yọ́ ọ wà ló sì ń lọ.

Iṣẹ́ náà dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dúró, fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Àjàòkúta kò yọ́ irin bí wọ́n ti rò. Nígbà tí àwọn ará Ṣáínà wá parí ojú irin náà, èèyàn ló ti wá di ẹrù àkọ́kọ́ tó ń gbé. Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí i fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, láti Àbújá lórí ẹ̀rọ ayélujára, nítorí àìsàn Kòrónà. Wọ́n fi orúkọ Adamu Attah sọ ibùdókọ̀ Ìtakpè, ẹni tó jẹ́ gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara láti 1979 sí 1983, nígbà tí àwa Ọ̀kun àti àwọn ará wa Ẹbira ṣì jọ wà ní Kwara, ṣáájú kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní 1991.

Láti Ìtakpè, ọkọ̀ náà gba Àjàòkúta, ó wọ ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó, ó gba Agenebode, Uromi, Ekehen àti Igbanke, ó wọ Delta ní Agbor, ó gba Abraka, ó sì já sí Ujevwu lẹ́bàá Wárrì. Ó lé ní kìlómítà 300. Ẹ bá mi wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ẹ fi ìka tẹ̀lé orúkọ wọ̀nyí. Gbogbo wọn ló wà ní apá ìwọ̀ oòrùn odò Ọya. Ojú irin yìí kò sọdá odò náà níbì kankan. Ẹni tó bá ń rò pé ó kù díẹ̀ kó dé Àbújá, afárá ńlá kan ló kù, pẹ̀lú gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín. Afárá Jamata tí mọ́tò ń gbà kì í ṣe ti ọkọ̀ ojú irin.

Ìwọ̀n tó pín wọn níyà

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbí yìí, nítorí òun ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù.

Bí ẹ bá fi tépù káfíńtà wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì ní Ọ̀ffà, láti ẹ̀gbẹ́ inú ti ọ̀tún sí ẹ̀gbẹ́ inú ti òsì, ẹ ó rí mílímítà 1067, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀. Bí ẹ bá wọn ti Ìtakpè, ẹ ó rí 1435. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ mílímítà 368, ó gùn ju rúlà tí ọmọ iléèwé ń lò lọ. Ojú lásán lè máà rí i láti òkèèrè, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rí i.

Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin kò dà bí ti mọ́tò tó lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, wọ́n tẹ̀ wọ́n mọ́ ọn pinpin, àwọn méjèèjì sì ń yí pọ̀ ni. Ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni etí kan ti yọ síta, tó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ irin ilẹ̀. Etí yìí ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ bọ́ lójú irin níbi tí ọ̀nà bá ti yí. Bí àlàfo ilẹ̀ bá fi 368 dín sí ti ọkọ̀, etí náà kò ní rí ibi wọ̀. Ẹsẹ̀ kan á wà lórí irin, èkejì á wà lórí òkúta wẹ́wẹ́.

Kí ló wá dé tí wọn kò lo ìwọ̀n kan náà? Àwọn òyìnbó tó ṣe ti Èkó yan 1067 nítorí pé ó kéré lówó: ilẹ̀ tí wọ́n máa gé kò fẹ̀ púpọ̀, ọ̀nà sì lè yí níbi tó há. Àwọn tó ya ti Ìtakpè lẹ́yìn náà yan 1435, ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ojú irin àgbáyé ń lò, nítorí pé ó gba ẹrù tó wúwo, ọkọ̀ sì lè sáré lórí rẹ̀ láìfì. Ìwọ̀n yìí náà ni ti Àbújá sí Kàdúná tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2016, òun náà sì ni ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú àwọn tó ti gbọ́ díẹ̀ lójú. Wọ́n á ní, "Bí ti Ìtakpè àti ti Ìbàdàn bá jọ jẹ́ 1435, ṣebí a lè lọ sí Èkó nìyẹn." Rárá. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Ti Ọ̀ffà àti ti Ìtakpè kò bá ara mu ní ìwọ̀n. Ká tilẹ̀ ní wọ́n fẹnu kanra lónìí, ọkọ̀ kan kò lè gun orí èkejì. Ti Ìbàdàn àti ti Ìtakpè bá ara mu, ṣùgbọ́n wọn kò pàdé. Ojú irin tuntun láti Èkó dúró ní Mọ́níyà, ní Ìbàdàn. Láti Mọ́níyà dé Ìtakpè, igbó, oko àti ìlú ló wà níbẹ̀. Irin kankan kò sí.

Ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà bá ìyàtọ̀ ìwọ̀n lò níbi tó bá ti pọn dandan. Wọ́n lè tẹ́ irin kẹta sáàárín, kí ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ńlá jọ máa gba ojú ọ̀nà kan náà. Wọ́n lè gbé ara ọkọ̀ sókè, kí wọ́n yọ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Wọ́n ń ṣe é ní ẹnubodè àwọn orílẹ̀-èdè kan. Tàbí kí èrò sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n já ẹrù, kí gbogbo wọn bọ́ sínú ọkọ̀ kejì. Ìkẹyìn yìí ló rọrùn jù láti bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì ń jẹ àkókò jù.

Fún àwọn tó fẹ́ràn láti máa wò ó

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan ti mú un ní àṣà láti lọ wo ọkọ̀ ní Ìtakpè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba fídíò rẹ̀. Inú mi ń dùn sí wọn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń wò, nítorí pé ibùdókọ̀ tó bá jẹ́ òpin ojú irin ní ohun tí ibùdókọ̀ àárín ọ̀nà kò ní.

Ẹ má kúrò níbẹ̀ kété tí èrò bá ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Bó bá jẹ́ ẹ̀ńjìnnì ẹyọ kan ló fa ọkọ̀ wọlé, òun ló wà níwájú nígbà tó dé; bí ọkọ̀ náà bá sì máa padà sí Wárrì, ó ní láti bọ́ sí òdìkejì. Wọ́n á já a kúrò lára ọkọ̀ tó kù. Á sún síwájú, á kọjá ibi tí ojú irin ti pín sí méjì, á dúró. Ẹ wo ilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa: irin méjì tí wọ́n gbẹ́ ẹnu wọn tín-ín-rín bí abẹ ni ẹ ó rí tí wọ́n sún láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, bóyá kò tó ìbú ọwọ́ méjì. Ìsún kékeré yẹn ló ń sọ ibi tí odindi ẹ̀ńjìnnì máa gbà. Á wá gba ojú irin ẹ̀gbẹ́ padà, á kọjá gbogbo ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fà wọlé, á sì rọra fẹ̀yìn rìn títí ìkọ́ méjèèjì fi máa kọ́ra pẹ̀lú ariwo.

Òṣìṣẹ́ kan á sún mọ́ ọn láti so páìpù rọ́bà kan pọ̀ nísàlẹ̀ ìkọ́ náà. Páìpù yẹn ṣe pàtàkì ju ìkọ́ lọ. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó gba abẹ́ gbogbo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá kún inú rẹ̀, bíréèkì kò ní di ẹsẹ̀ mú. Bí awakọ̀ bá fẹ́ dúró, ṣe ló máa tú afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde. Ẹ rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: bí ìkọ́ bá já lójú ọ̀nà, páìpù á ya, afẹ́fẹ́ á jáde, bíréèkì á sì dì fúnra rẹ̀ ní apá méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan. Ìró "ṣììì" tí ẹ máa ń gbọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò, ìró ààbò ni.

Ẹ̀ńjìnnì tó ń bú ramúramù náà, dísẹ́ẹ̀lì ló ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì ló ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì ń yí ẹ̀rọ amúnáwá tó wà nínú ikùn rẹ̀, iná yẹn ló sì ń yí mọ́tò kékeré tó wà nídìí ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí ariwo rẹ̀ fi lè ga kí ọkọ̀ tó sún rárá. Èyí tí àwọn bàbá wa wọ̀ ní Ọ̀ffà yàtọ̀: omi gbígbóná àti èédú ló ń fà á, èédú náà sì wá láti Ẹnúgù lẹ́yìn tí ojú irin ti ibẹ̀ so mọ́ èbúté ní 1916. Láti nǹkan bí 1955, ọdún tí wọ́n dá àjọ rélùwéè Nàìjíríà sílẹ̀, ni ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀.

Ohun mìíràn tí ojú lè fi mọ ìyàtọ̀ ni ohun tó dábùú sábẹ́ irin. Lórí ojú irin àtijọ́, irin tí wọ́n tẹ̀ ló pọ̀ níbẹ̀. Ní Ìtakpè, kọnkéré ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tó yí wọn ká kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Òun ló ń pín ẹrù ọkọ̀ sórí ilẹ̀ púpọ̀, òun ló ń jẹ́ kí omi òjò ṣàn kọjá kí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ má baà rọ̀. Ẹni tó bá ń kó òkúta náà lọ fi kọ́lé, ẹ̀mí èrò ló ń kó lọ.

Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ kí wọn, kí ẹ gba àyè. Ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni àwọn agbébọn jí èrò gbé ní ibùdókọ̀ Ekehen, tí ọkọ̀ sì dúró fún ìgbà díẹ̀. Látàrí èyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í fojú kékeré wo ẹni tó bá ń rìn kiri pẹ̀lú kámẹ́rà. Ẹ má sì dúró sórí irin fún fọ́tò. Awakọ̀ lè rí yín láti òkèèrè kó tẹ bíréèkì lójú ẹsẹ̀, kó má sì lè dúró kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Irin tó ń yọ̀ lórí irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Láti Kàbà, ọ̀nà méjì ló lọ síbẹ̀. Ẹ lè gba Òkéné, kí ẹ wá kọjú sí Lọ́kọ́ja. Ẹ sì lè gba Ọbàjánà jáde sí ojú títì Lọ́kọ́ja, níbi tí wọ́n ń pè ní Kabba Junction, kí ẹ kọjú sí Òkéné. Àkókò ọkọ̀ máa ń yí padà, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó jáde nílé.

Bí wọ́n bá fẹ́ fà á dé ọ̀dọ̀ wa

Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fa ojú irin Ìtakpè sọdá odò lọ sí Àbújá ti wà nílẹ̀ tipẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ àti Lọ́kọ́ja ló máa kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀. Ti Ìjùmú, Mọ̀pà àti Yàgbà ọ̀rọ̀ mìíràn ni, nítorí apá ìwọ̀ oòrùn ni ojú irin gbọ́dọ̀ kọrí sí kó tó kàn wá.

Ohun kan ti yí padà tí ọ̀pọ̀ kò tíì fiyè sí. Títí di 2023, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni òfin gbà láyè láti ṣòfin lórí rélùwéè. Ní oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí wọ́n sì fún àwọn ìpínlẹ̀ náà ní àyè sí i. Kogí àti Kwara lè jókòó sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ báyìí láìdúró de Àbújá fún gbogbo nǹkan. Owó ni wọn kò tíì ní, owó sì ń tẹ̀lé ẹrù. Ẹrù kò wọ́n wa: símẹ́ńtì Ọbàjánà tó ń gun tírélà lójoojúmọ́, òkúta mábù ti Jakura, kajú, kọfí Kàbà, iṣu Yàgbà. Ṣùgbọ́n iṣu àti kajú ní àsìkò tiwọn. Símẹ́ńtì ni kì í dáwọ́ dúró ní gbogbo ọdún. Mo gbà pé bí ojú irin bá máa wọ ilẹ̀ Ọ̀kun lójú ayé wa, símẹ́ńtì ló máa san owó rẹ̀, èrò á sì gun ẹ̀yìn rẹ̀, bí èrò ti gun ẹ̀yìn òkúta ní Ìtakpè.

Nítorí náà, bí olóṣèlú kan bá dìde ní ìpàdé ìlú, tó ní òun máa fa ojú irin dé Ìsánlú, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà wa bi í ní ohun mẹ́ta. Ṣé 1067 ni kó lè bá ti Ìlọrin so, àbí 1435 kó lè bá ti Ìtakpè so? Ibo ló máa ti gba àárín àwọn òkè wọ̀nyí? Ẹrù ta ni yóò máa gbé ní ọjọ́ tí èrò kò bá pọ̀? Bí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó bu ọwọ́ lù ú, kí wọ́n sì fi ìwé náà pa mọ́ sí ààfin.